Ewu tí Ń Dúró de Alágbára nínú Ooru àti nínú Òtútù

Ní ọdún 1912, láàárín oṣù márùn-ún péré, àwọn ọkùnrin méjì kú, tí kò sí ẹni tí ó lè pè wọ́n ní aláìlágbára. Èkínní ni Edgar Evans, atukọ̀ ogun ará ilẹ̀ Wales, tí ó bá Scott, ọ̀gá nínú àwọn ológun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, dé ìpẹ̀kun ayé ní ìhà gúúsù. Orí yìnyín ni ó kú sí ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì. Èkejì ni Francisco Lázaro, káfíńtà ará ilẹ̀ Pọtogí, tí ó kú ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ní ìlú Stockholm ní ilẹ̀ Swídìn, lẹ́yìn tí ó ti ṣubú lójú ọ̀nà eré ìje gígùn tí a ń pè ní Marathon. Òtútù, ebi àti làálàá ni ó ká ti ìṣáájú mọ́. Ooru ni ó pa ti ìkẹyìn. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá yẹ ìtàn àwọn méjèèjì wò fínnífínní yóò rí i pé ẹnu ọ̀nà kan náà ni ikú gbà wọlé tọ̀ wọ́n.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ẹ má ṣe rò pé ìtàn òkèèrè lásán ni èyí. Àgbẹ̀ tí ń kọ ebè láti àfẹ̀mọ́júmọ́, bíríkìlà tí ń to búlọ́ọ̀kù ní ọ̀sán gangan, alábàárù inú ọjà, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ ní eré sísá nítorí pé ọjọ́ ìdíje kù sí dẹ̀dẹ̀, gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kàn jùlọ ni ẹni tí ń dúró tì wọ́n: ìyàwó, ìyá, olùkọ́, ọ̀rẹ́ ẹnu iṣẹ́. Ìdí rẹ̀ yóò hàn bí a ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ẹlẹ́dàá fi iná kan sínú ara wa tí kì í kú títí ẹ̀mí yóò fi bọ́. Oúnjẹ ni igi tí iná náà ń jẹ. Nígbà tí ara bá le, ooru inú rẹ̀ kì í jìnnà sí 37 lórí ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì, ìbáà ṣe ará Èkó ni tàbí ará ilẹ̀ yìnyín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ènìyàn bá ń ṣiṣẹ́, bí a bá pín agbára oúnjẹ rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin, ó ṣòro kí ìpín kan tó di iṣẹ́. Ìpín mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó ń di ooru. Ẹni tí ń sáré kíkankíkan lè máa dá ooru tí ó ju ìlọ́po mẹ́wàá ti ẹni tí ó jókòó lọ. Bí ooru yìí kò bá rí ọ̀nà jáde, kì í pẹ́ tí ara yóò fi gbóná rékọjá ibi tí ẹ̀mí lè gbà.

Ọ̀nà tí a là fún un ni pé ẹ̀jẹ̀ a máa gbé ooru láti inú wá sí abẹ́ awọ, òógùn a sì máa jáde. Bí òógùn ti ń gbẹ lórí awọ, bẹ́ẹ̀ ni ó ń mú ooru lọ. Ẹ kíyèsí ọ̀rọ̀ náà dáadáa: gbígbẹ òógùn ni ó ń tu ara, kì í ṣe jíjáde rẹ̀. Òógùn tí ó kán sílẹ̀ ti ṣòfò. Nítorí èyí ni ooru Èkó ní ìgbà tí òjò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ fi máa ń ni ènìyàn lára ju ooru gbígbẹ òkè Ọya lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti òkè Ọya ga jù ú lọ lórí ìwọ̀n. Afẹ́fẹ́ Èkó ti mu omi yó. Kò rí àyè gba òógùn mọ́.

Ìtura yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹni tí ń làágùn púpọ̀ lè pàdánù omi lítà kan sí méjì láàárín wákàtí kan, inú ẹ̀jẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Bí ẹ̀jẹ̀ ti ń dínkù, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ tí ń sáré ń béèrè ẹ̀jẹ̀, tí awọ pẹ̀lú sì ń béèrè. Ọkàn nìkan ni ó ní láti sin ọ̀gá méjì yìí. Bí kò bá sì lè rí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ tì jáde lẹ́ẹ̀kan, lílù ni yóò máa fi kún. Ìdí nìyí tí ẹni tí kò fi ohunkóhun kún ìrìn rẹ̀ fi ń rí i pé àyà òun ń lù kìkì ní wákàtí kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìfun ni a sì máa ń fi ẹ̀jẹ̀ dù kí àwọn ìyókù lè rí tiwọn gbà, nítorí náà ni èébì fi ń gbé ẹni tí oòrùn mú.

Nísinsìnyí ẹ wo Lázaro. Ní ọjọ́ eré náà, 14 oṣù Keje, ooru Stockholm ju 30 lọ, ohun tí kò wọ́pọ̀ ní ìlú ilẹ̀ òtútù. Ìròhìn sọ pé ó fi ọ̀rá pa ibi púpọ̀ nínú ara rẹ̀ kí oòrùn má bàa jó o. Ọ̀rá náà dí ojú òógùn. Ilẹ̀kùn tí ooru ìbá gbà jáde ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì. Ó sáré tó nǹkan bí 30 kìlómítà kí ó tó ṣubú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó kú, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó kú nípa eré nínú ìdíje Olympics ti ayé òde òní. Nínú gbogbo àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ eré náà, nǹkan bí ìdajì ni kò parí rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Shizo Kanakuri, ará Japan. Ooru mú un, ó yà sínú ọgbà ìdílé kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó mu ohun tútù, ó sì padà sí ilẹ̀ rẹ̀ láìwí fún àwọn alábòójútó. Ní ọdún 1967 àwọn ará Swídìn ránṣẹ́ pè é, ó sì fi ara àgbà sáré parí. Ọdún 54, oṣù 8, ọjọ́ 6 àti wákàtí díẹ̀ ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un. Àwọn kan a máa fi ìtàn yìí rẹ́rìn-ín. Lójú tiwa, ẹni tí ó gba ipò kìíní nìkan ni a lè fi ṣáájú rẹ̀ ní ọjọ́ náà.

Èéṣe tí Lázaro kò fi dúró bíi tirẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ní ìgboyà rẹ̀ ni ó pọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Bí ooru inú ara bá ti kọjá nǹkan bí 40, ọpọlọ kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ mọ́. Ẹni náà a máa sọ ọ̀rọ̀ tí kò bá ara mu, a máa bínú láìnídìí, a máa ta gbọ̀ngbọ̀n bí ọ̀mùtí, tàbí kí ó máa sáré lọ sí ibi tí a kò rán an. Bí ẹ bá bi í léèrè bí ara ti rí, yóò ní kò sí nǹkan. Kì í purọ́. Adájọ́ inú rẹ̀ ni ó ti sùn. Ẹ má ṣe retí pé kí ara rẹ̀ gbẹ kí ẹ tó gbà pé ooru ni, nítorí ẹni tí iṣẹ́ agbára sọ sínú ewu yìí lè ṣì máa làágùn yọ̀bọ̀.

Òtútù a máa ṣe iṣẹ́ kan náà láti ìhà kejì. Bí òtútù bá mú ara, a máa pa ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ dé, kí ooru tí ó kù lè wà fún ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti ọpọlọ. Ara a máa fi ìka ra ẹ̀mí padà. Ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ a kú tipiri, imú àti etí a funfun, bí ó bá sì pẹ́, ẹran ibẹ̀ a dì, a sì kú. Lẹ́yìn èyí ni gbígbọ̀n ń bẹ̀rẹ̀. Gbígbọ̀n pẹ̀lú jẹ́ iṣẹ́, oúnjẹ ni ó sì ń jẹ. Ohun mìíràn tí yóò ya ará ilé wa lẹ́nu ni pé òùngbẹ ń pa ènìyàn lórí yìnyín: afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ, èémí ń kó omi jáde, ìtọ̀ ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni òùngbẹ náà kì í tètè gbẹ ẹni láti kì í nílọ̀. Omi kò sì sí láti mu àfi èyí tí a bá fi iná yọ́.

Scott àti àwọn mẹ́rin tí ó bá a lọ dé ìpẹ̀kun gúúsù ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1912, wọ́n sì bá àsíá Amundsen ará Norway níbẹ̀, ẹni tí ó ti fi ajá fa ẹrù rẹ̀ débẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá tí ó ṣáájú. Ní ti Scott àti àwọn tirẹ̀, púpọ̀ nínú ọ̀nà náà ni wọ́n ti ń fi okùn kọ́ èjìká, tí wọ́n ń fa ọkọ̀ pákó aláìlẹ́sẹ̀ tí ẹrù wọn wà lórí rẹ̀. Oúnjẹ wọn ni bisikíìtì, ẹran gbígbẹ tí a pò mọ́ ọ̀rá, bọ́tà, ṣúgà, kòkó àti tíì, nǹkan bí 4,500 kálórì fún ẹnì kan lójúmọ́. Kálórì ni ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi ń wọn agbára inú oúnjẹ; ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí kò ṣe iṣẹ́ agbára ń fi nǹkan bí 2,000 sí 2,500 gbé ọjọ́ kan. Létí, 4,500 dà bí oúnjẹ àsè. Kò tó rárá.

Iye tí irú làálàá bẹ́ẹ̀ ń jẹ hàn gbangba nígbà tí dókítà Mike Stroud àti Ranulph Fiennes, àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ẹsẹ̀ la ilẹ̀ Antarctica já láti oṣù Kọkànlá ọdún 1992 títí di oṣù Kejì ọdún 1993. Ọjọ́ 95 ni wọ́n lò lójú ọ̀nà, ẹrù tí olúkúlùkù ń fà ní ìbẹ̀rẹ̀ sì ju 200 kìlógíráàmù lọ. Wọ́n mu omi tí a fi èròjà àkànṣe sàmì sí, wọ́n sì ń bu ìtọ̀ wọn pamọ́, kí a lè fi mọ iye agbára tí ara wọn ń ná. Wọ́n ń jẹ oúnjẹ tí ó ju 5,000 kálórì lọ lójúmọ́. Síbẹ̀ iye tí ara wọn ń jó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 7,000, nígbà tí wọ́n sì ń gun òkè yìnyín, ó ju 10,000 lọ. Nígbà tí wọn yóò fi dáwọ́ dúró, olúkúlùkù ti rù ju 20 kìlógíráàmù lọ. Bí ọ̀rá bá ti ń tán lára, ara a yíjú sí ẹran ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ń fa ẹrù ni a wá ń fi dáná.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Evans. Òun ni ó tóbi jù nínú àwọn márùn-ún, ìwọ̀n oúnjẹ kan náà ni a sì ń bù fún gbogbo wọn. Ìdọ́gba dà bí òdodo, ṣùgbọ́n ara ńlá ń jó ju ara kékeré lọ, nítorí náà ebi alágbára jùlọ ni ó pọ̀ jùlọ. Ọgbẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò jiná, òtútù jẹ àwọn ìka rẹ̀, ó sì ti ṣubú sínú ihò yìnyín, èyí tí àwọn kan kà sí ohun tí ó pa iyè rẹ̀ lára. Scott ti kíyèsí i pé ọkùnrin ọlọ́gbọ́n ọwọ́ yìí ti ń di aláìlètètè ronú. Ní ọjọ́ tí ó kú, ó ní kí wọ́n máa lọ, òun ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí wọn kò rí i, wọ́n padà, wọ́n bá a lórí eékún, aṣọ rẹ̀ tú, ọwọ́ rẹ̀ wà níhòhò nínú òtútù, ojú rẹ̀ kò sì dà bí ti ẹni tí ó mọ ibi tí ó wà. Kò lè sọ ohun tí ó ṣe é. Ní òru ọjọ́ náà ni ó kú. Ní oṣù Kẹta, Oates tí òtútù ti ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ jáde kúrò nínú àgọ́, kò sì padà. Ní òpin oṣù náà Scott, Wilson àti Bowers kú nínú àgọ́ wọn, nǹkan bí 18 kìlómítà sí ibi tí a to oúnjẹ pamọ́ sí. Epo iná tí wọ́n bá lójú ọ̀nà ti dínkù nínú agolo, bẹ́ẹ̀ ni epo náà ni omi mímu wọn. Àwa kò jókòó sínú ilé kí a máa dá irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́.

Kò di ìgbà tí yìnyín bá tẹ́ ilẹ̀ kí òtútù tó pa ènìyàn. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, ní ẹkùn Gansu ní ilẹ̀ Ṣáínà, sárésáré 172 bẹ̀rẹ̀ eré 100 kìlómítà lórí òkè, ọ̀pọ̀ nínú wọn pẹ̀lú ṣòkòtò kúkúrú àti ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Lójijì ìjì dé, òjò tútù àti yìnyín wẹ́wẹ́ sì rọ̀ lé wọn lórí. Aṣọ tí ó tutù nínú ẹ̀fúùfù ń jí ooru ara lọ ju ìhòhò nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ lọ. Ènìyàn 21 ni ó kú. Olùṣọ́-àgùntàn kan tí ó ti sá sínú ihò àpáta rí àwọn kan nínú wọn. Ó mú wọn wọlé, ó dá iná fún wọn, mẹ́fà ni ó sì gbà là. Apẹja tiwa tí òjò pa lórí omi ní òru, tí ó ń wakọ̀ láti ìrọ̀lẹ́, kò gbọdọ̀ wí pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Bí ẹni tí ń gbọ̀n bá ṣíwọ́ gbígbọ̀n láìjẹ́ pé ara rẹ̀ ti móoru, ẹ má ṣe dúpẹ́: agbára láti gbọ̀n ni ó tán. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń bọ́ aṣọ sílẹ̀ ní àkókò náà, nítorí ọpọlọ ń tàn wọ́n pé ooru ń mú wọn. Ẹ bọ́ ti tútù kúrò lára rẹ̀, ẹ fi ti gbígbẹ wé e, ẹ gbé e kúrò nínú ẹ̀fúùfù, kí ẹ sì bá a lò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹyin.

Nítorí náà ni a ṣe wí pé ẹni tí ń dúró ti òṣìṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jùlọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ rántí ọmọ obìnrin ará Ṣúnémù nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì. Ọmọ náà tọ baba rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn olùkórè, orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ọ, baba ní kí ọmọ-ọ̀dọ̀ gbé e lọ fún ìyá rẹ̀, orí eékún ìyá ni ó sì wà títí di ọ̀sán tí ó fi kú. Ọ̀pọ̀ àwọn alálàyé Ìwé Mímọ́ ti rò pé oòrùn ni. Wòlíì Èlíṣà kò sí ní ìtòsí wa, ṣùgbọ́n omi tútù ń bẹ nínú àmù.

Bí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ tàbí tí ń sáré nínú ooru bá bẹ̀rẹ̀ sí sọ kántankàntan, tàbí tí ó dákú, ẹ má ṣe pè é ní ibà, ẹ má sì ṣe wá oògùn ibà fún un, nítorí kò ràn án. Ẹ gbé e sí abẹ́ òjìji, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀. Bí ọpọ́n ńlá tàbí báfù bá wà, ẹ rì í sínú omi tútù dé àyà, kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú. Bí kò bá sí, ẹ máa da omi sí i lára láìdẹ́kun, kí ẹ sì máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹ ránṣẹ́ pe ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró de ọkọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tútù ni àkọ́kọ́, ilé ìwòsàn ni èkejì, a kò sì gbọdọ̀ yọ èkejì sílẹ̀, nítorí ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín lè bàjẹ́ ní ọjọ́ tí ó tẹ̀lé e. Ní ìlú Falmouth ní Amẹ́ríkà, níbi tí a ti ń sáré ìje nínú ooru oṣù Kẹjọ lọ́dọọdún, àwọn oníṣègùn ka iye àwọn tí ooru ṣe báyìí láàárín ọdún 18: wọ́n jẹ́ 274. Inú omi tútù ni wọ́n ń rì wọ́n sí lójú ẹsẹ̀. Kò sí ẹyọ kan tí ó kú.

Ní ti omi mímu, ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó. Ẹ má ṣe fi omi du òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má sì ṣe fi ipá rọ ọ́ fún un. Ní eré Marathon ìlú Boston ní ọdún 2002, a yẹ ẹ̀jẹ̀ sárésáré 488 wò. 13 nínú ọgọ́rùn-ún ni iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn ti di àbùlà, àwọn tí ó sì mu omi títí tí wọ́n fi wúwo sí i lójú eré ni ó kàn jùlọ. Irú àbùlà bẹ́ẹ̀ a máa mú kí ọpọlọ wú. Òùngbẹ ni kí ènìyàn máa tẹ̀lé, kí oúnjẹ oníyọ̀ sì wà lẹ́yìn iṣẹ́. Bí iyè ẹni náà bá ti ra, ẹ má ṣe ta ohunkóhun sí i lẹ́nu.

Ara mọ̀ ọ́n kọ́, bí a bá fún un ní àkókò. Láàárín ọjọ́ 10 sí 14 tí ènìyàn bá ń ṣe iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ooru, omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò pọ̀ sí i, òógùn rẹ̀ yóò tètè máa jáde, iyọ̀ inú òógùn náà yóò sì dínkù. Bí ó bá fi ooru sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀kọ́ náà a máa ṣí lọ, nítorí náà ẹni tí ó ti òkè òkun dé, tàbí tí ó dìde lórí àìsàn, kò gbọdọ̀ bá àwọn tí ó wà lóko dù ú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Olùkọ́ tí ń múra àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ìdíje, kí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ó má ṣe ní kí ọmọ tí ó ṣubú dìde parí eré, kí ó sì ti gbé ọpọ́n omi sí ẹ̀gbẹ́ pápá kí a tó fọn fèrè.